Ọjọ́ tí Wọ́n Ní Ìyá Rọra Sáré

Wọ́n ní ẹyẹ kan ń fò lọ lójú títì jẹ́jẹ́ ẹ̀, ni ọkọ̀ àbúrò màmá mi bá kọjá lára ẹ̀ fìrì, tí ẹyẹ náà fi bà sórí òpó iná pẹ̀lú ìbínú, tó ní òun ò fò mọ́. Wọ́n ní ọlọ́pàá méjì lórí alùpùpù lé e títí epo fi tán, ni wọ́n bá jókòó sẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ń wo eruku. Wọ́n ní kámẹ́rà tó wà lórí òpó fẹ́ yí ọrùn tẹ̀lé e, ọrùn kámẹ́rà ṣẹ́. Onígbàjámọ̀ tó wà ní ìkángun àdúgbò wa fi abẹ ọwọ́ ẹ̀ búra fún mi pé atẹ́gùn ọkọ̀ ọ̀hún ló ṣí fìlà lórí oníbàárà òun, fìlà náà ò sì tíì padà wálé títí dòní.

Kí n jẹ́wọ́ èyí tó jẹ́ tèmi níbẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹyẹ yẹn, èmi ni mo dá a sílẹ̀. Ìyókù, ẹ bi àdúgbò.

Obìnrin tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ yìí, Ìyá Rọra ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àǹtí ni èmi ń pè é. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tó ti ń wakọ̀ fún ilé-iṣẹ́ onígíláàsì tí èmi náà ti ń kọ ìwé ẹrù. Gíláàsì fèrèsé, gíláàsì ilẹ̀kùn, àti àwọn dígí gìrìwò tí àwọn aṣerunlóge máa ń gbé kọ́ sára ògiri, òun ló ń kó gbogbo ẹ̀ lọ fún oníbàárà. Férémù onírin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ó dagun díẹ̀ bí ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ń to gíláàsì sí, wọ́n á fi rọ́bà tẹ́ ẹ nídìí, wọ́n á sì fi bẹ́líìtì gbà á mọ́ra.

Ẹni tó ń gbé gíláàsì kì í sáré. Ìyẹn kì í ṣe ìwà, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n Àǹtí ti sọ tiẹ̀ di ẹ̀sìn. "Rọra!" ló ń sọ fún ilẹ̀kùn tó bá gbá. "Rọra!" ló ń sọ fún omi tó bá ń hó lórí iná. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ ẹ̀ tó ń bọ̀ ní ìkóríta, ẹ lè wọlé lọ wẹ̀, kí ẹ pa ara, kí ẹ wọ aṣọ, ẹ ó ṣì padà wá bá a níbi tí ẹ fi í sí. Nígbà kan, mo lẹ bébà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà láìjẹ́ kó mọ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tì í." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi gbé bébà yẹn kiri. Ọkùnrin mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò wọn láti tì í. Ó ṣì ń wá ẹni tó ṣe é.

Àǹtí ò ga. Bí ẹ bá dúró lẹ́bàá ọ̀nà, irun orí ẹ̀ nìkan lẹ máa rí lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀. Nítorí náà, ó ní nǹkan kan tó nípọn tó máa ń ká sórí àga kó tó jókòó. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ sì tún fi èyí sọ́kàn: lára ògiri ọ́fíìsì wa, Ọ̀gá fi kíkọ pupa lẹ òfin kan mọ́bẹ̀, "Ẹni tó bá gbé dígí jáde láìbò ó, kó má padà wá." Kì í ṣe òfin lásán. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, oòrùn kọ mànà lára dígí tí awakọ̀ wa kan ò bò, ó lọ gún ọkùnrin kan lójú nínú mọ́tò ẹ̀, ọkùnrin náà sì forí sọ ọgbà. Ọ̀gá ló ń lọ wò ó ní ilé ìwòsàn fún oṣù méjì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lẹ́tà kóòtù dé. Ilé-iṣẹ́ ló ni ọkọ̀, nítorí náà orí tábìlì mi ló balẹ̀ sí. Mo kà á. Mo tún un kà. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di tábìlì mú. Mo wá jáde lọ sí àgbàlá níbi tí Àǹtí ti ń fa bẹ́líìtì ẹrù, mo kúnlẹ̀, mo ní:

"Àǹtí, ẹ kú eré ìje o."

"Eré ìje wo?"

"Wọ́n ní kìlómítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún lẹ̀ ń sá ní wákàtí kan. Níbi tí àádọ́ta ti pọ̀ jù. Níwájú ilé ẹ̀kọ́."

Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó gba lẹ́tà náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ètè ẹ̀ ń mì.

"Ta ló kọ èyí?"

"Ìjọba ni, Àǹtí."

"Ìjọba wo? Ìjọba ní ọwọ́? Ta ló di bírò mú? Èmi! Níwájú ilé ẹ̀kọ́! Kí n máa sáré láàárín ọmọ ọlọ́mọ!" Ó ju bẹ́líìtì ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, irin orí ẹ̀ dún gbàgà. "Kí ẹni náà yọjú sí mi. Kó wá sọ ọ́ lójú mi."

Ọ̀gá jáde wá gbọ́ ariwo. Ó ka lẹ́tà náà, kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ìyá Rọra," ó ní, "bí wọ́n bá dá yín lẹ́bi, ọdún kan ni wọ́n máa gba láísẹ́ǹsì yín. Awakọ̀ tí ò ní láísẹ́ǹsì, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Kí n gbé e kọ́ sára ògiri?"

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ọdún mọ́kànlélógún láìfọ́ gíláàsì, gbogbo ẹ̀ rọ̀ mọ́ bébà kan ṣoṣo.

Ìgbà yẹn ni mo ṣe ohun tí mi ò bá má ṣe. Mo yà sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, mo sọ ìtàn ẹyẹ fún un. Àwàdà lásán ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹyẹ ti di ọlọ́pàá méjì. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, kámẹ́rà ti kán lọ́rùn, àwọn ìyá tó ń mú ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ sì ti ń fa ọmọ wọn mọ́ra bí ọkọ̀ Àǹtí bá ń kọjá. Èyí tó dùn ún jù nìyẹn. Ó ń lọ bí ìgbín, wọ́n sì ń sá fún un bí ẹni ń sá fún àrá.

"Ìyá Rọra!" onígbàjámọ̀ pariwo láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀. "Ẹ rọra fò o! Ẹ̀yin lẹ lọ́nà òfurufú!"

Àǹtí dá ọkọ̀ dúró sáàárín títì, ó sọ̀ kalẹ̀. Àwọn mọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀ ń fun fèrè, kò dá wọn lóhùn.

"Ìwọ," ó ní, "orí tí ò ń fá lọ́wọ́ yẹn, ṣé o ti wò ó bóyá etí ẹ̀ ṣì pé?"

Oníbàárà tó wà lórí àga fi ọwọ́ méjèèjì di etí ẹ̀ mú kíá. Àǹtí padà sínú ọkọ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gbé ẹ̀rín mì, ó sì há mi lọ́fun.

"Ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ẹyẹ?" ó bi mí.

Mo ń wo ojú fèrèsé.

"Mo mọ̀," ó ní. "Kò sí ẹlòmíràn tí orí ẹ̀ ń yí bẹ́ẹ̀." Láti ọjọ́ yẹn ló ti dẹ́kun pípe orúkọ mi. Ẹyẹ ló ń pè mí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ọkọ ẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ń ran sòkòtò lórí ẹ̀rọ lẹ́bàá fèrèsé. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bọ̀ọ̀dá. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, mi ò gbọ́ kó pariwo rí, àfi ẹ̀rọ ẹ̀. Àwòrán méjì ló bá lẹ́tà náà wá, Àǹtí sì tẹ́ wọn sórí tábìlì. Kámẹ́rà náà yára: láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ló ya méjèèjì.

"Ẹ wo ojú yín, Àǹtí," mo ní, kí n lè mú un rẹ́rìn-ín. "Ẹ fajú ro bí ẹni tí wọ́n bu iyọ̀ sí lágbọ̀n. Ẹ wo dígí tí ẹ gbé, ó ń dán yanran. Kódà mọ́tò pupa kan ń…"

Mo gbé àwòrán náà súnmọ́ ojú. Nínú dígí tó wà lára ọkọ̀ Àǹtí, mọ́tò pupa kan wà níbẹ̀, kékeré, bí eṣinṣin. Nínú àwòrán kejì, ó ti tóbi ní ìlọ́po méjì. Mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni, tó fẹ́ ya á sílẹ̀, tó ń sáré àsápajúdé.

"Àǹtí, dígí yìí ò ní ìbòrí."

Ó já àwòrán gbà lọ́wọ́ mi. Ó fojú tọ́ka sí ọkọ ẹ̀, ó sì wọ́ mi lápá lọ sí ilé ìdáná, ó ti ilẹ̀kùn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò sọ pé kí ilẹ̀kùn rọra.

"Pa ẹnu ẹ dé."

"Ẹ ti mọ̀?"

"Ṣé ojú mi fọ́ ni? Láti ọjọ́ tí lẹ́tà ti dé ni mo ti rí i." Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ìbínú ń ta nínú ohùn ẹ̀ bí epo gbígbóná. "Ẹ̀yìn lẹ́tà yẹn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀rọ náà ń ta nǹkan bí ìmọ́lẹ̀ jáde, tí yóò ba ọkọ̀, tí yóò padà wá jíṣẹ́. Ohun tó bá ba dígí, ó ń ta síbòmíràn. Ta la fẹ́ kọ́ níyẹn nílé-iṣẹ́ wa? Dígí mi ló bà, ó ta lọ bá ọmọ burúkú tó wà lẹ́yìn, eré tiẹ̀ ló padà wá jíṣẹ́, ni wọ́n bá kọ ọ́ sí mi lọ́rùn."

"Kí ló dé tí ẹ ò bò ó?"

Ó wo ilẹ̀. "Àwọn awakọ̀ ń yọ mí lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fun fèrè sí mi lẹ́yìn, wọ́n ń bú ìyá mi. Ọjọ́ kan ni ìbòrí yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ ya mí sílẹ̀, ó ń la ẹnu láti bú mi, ló bá rí ara ẹ̀ nínú dígí. Ojú ẹ̀ rí wúruwùru, itọ́ lẹ́nu. O ò bá rí i! Ó pa ẹnu dé. Ó rọra. Láti ìgbà náà, ọdún méjì rèé, mo kọjú dígí síta, mi ò bò ó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, á kọ́kọ́ rí ojú tó fẹ́ fi bú mi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, inú sì bí mi lẹ́ẹ̀kan náà. "Ìbòrí ńkọ́? Èyí tí Bọ̀ọ̀dá rán?"

Ó kọjú sí ààrò. Mo rántí nǹkan tó nípọn tó máa ń ká sórí àga ọkọ̀.

"Àǹtí! Ẹ jókòó lé e!"

"Rọra sọ̀rọ̀!"

"Ẹ sọ ọ́ ní kóòtù."

"Lójú Ọ̀gá? Tí òun náà máa wá nítorí òun ló ni ọkọ̀? Bí mo bá dákẹ́, láísẹ́ǹsì lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ lọ. Kí n fi ẹnu ara mi dá ara mi dúró níbi iṣẹ́?"

"Ẹ fẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ títí ayé pé ẹ sáré níwájú ilé ẹ̀kọ́?"

Ó gbá tábìlì ìdáná. "Ìwọ tí o gbé ẹyẹ fún gbogbo ìlú! Ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi ní òtítọ́? Ṣé o lè pa ẹnu dé lórí èyí, àbí yóò di ẹfọ̀n lọ́la?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo búra pé mi ò ní sọ. Mo wálé tìbínú tìbínú. Mo bínú sí i, mo bínú sí ara mi jù.

Yàrá kóòtù ò tóbi. Àga gígùn mẹ́fà, fáànù kan tó ń yí bíi pé wọ́n ń tì í, àti aago tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn. Àwọn tó ṣáájú Àǹtí ń wọlé, wọ́n ń jáde bí ẹni ra búrẹ́dì. "Ṣé ẹ jẹ̀bi?" "Mo jẹ̀bi." Ó parí. Ọkùnrin kan ní ìgbẹ́ ló gbọ̀n òun tí òun fi sáré. Adájọ́ ní òun bá a kẹ́dùn, ó sì kọ owó ìtanràn fún un.

Agbẹjọ́rò ìjọba, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kọ́là ẹ̀ fẹ̀ ju ọrùn ẹ̀ lọ, ti wá bá Àǹtí lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí wọ́n tó pè wá. "Mà, bí ẹ bá ní ẹ jẹ̀bi, màá ní kí wọ́n dín in kù sí oṣù mẹ́fà. Ìṣẹ́jú márùn-ún la máa lò." Oṣù mẹ́fà. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ó ní bóyá òun lè fara da oṣù mẹ́fà. Àǹtí mi orí. Mo rí i pé ó ti gbà.

Wọ́n pè é. Ó dúró nínú aṣọ tí ọkọ ẹ̀ rán fún un, orí ẹ̀ ò fẹ́ẹ̀ yọ lókè pákó tó dúró sí. Adájọ́, obìnrin kan tó ń kọ̀wé láìgbójú sókè, bi í pé, "Ṣé ẹ jẹ̀bi ẹ̀sùn eré àsájù, tàbí ẹ ò jẹ̀bi?"

"Mo…"

Fáànù ń yí. Àǹtí la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún là á. Ọ̀rọ̀ náà kọ̀, kò jáde.

"Mà?" Adájọ́ gbójú sókè.

"Mi ò lè sọ ọ́!" Àǹtí ké, gbogbo yàrá gbọ̀n. "Olúwa mi, ẹ má bínú, mi ò lè sọ ọ́. Ẹ ní mo jalè, mo lè gbà fún yín. Ẹ má ní mo sáré! Mi ò sáré rí láyé mi. Mi ò sáré lọ síbi ìgbéyàwó ara mi, ẹ bi ọkùnrin yẹn!"

Bọ̀ọ̀dá dìde lẹ́yìn. "Òótọ́ ni, Olúwa mi. Wákàtí méjì ni mo fi dúró."

"Ẹ jókòó!" adájọ́ ní. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ̀rọ fi ka mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, mà?"

Àǹtí wo Ọ̀gá. Ó wo ọkọ ẹ̀. Ó wo èmi náà, ojú yẹn ṣì ń ta mí lára. Lẹ́yìn náà ló sọ gbogbo ẹ̀: dígí, mọ́tò pupa, ọdún méjì, ìbòrí tó jókòó lé. Kò dá ohun kankan sí. Bí ẹni tó ń gbé gíláàsì kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má bàa fọ́.

Adájọ́ ní kí ọlọ́pàá tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà jáde wá. Ó ṣàlàyé pé wọ́n kun àwọn ìlà funfun sójú títì níbẹ̀, mítà kọ̀ọ̀kan láàárín wọn, kí wọ́n lè fi yẹ iṣẹ́ ẹ̀rọ wò bí awuyewuye bá wà.

"Ṣé ẹ yẹ ti obìnrin yìí wò?"

"Rárá, Olúwa mi. Kò sẹ́ni tó jiyàn."

"Ó ń jiyàn báyìí. Ẹ kà á."

Ó fi ẹnu bírò ka ìlà lórí àwòrán kìíní, ó kà á lórí èkejì. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ó tún un kà. Ó ṣe ìṣirò sórí bébà, ó sì gbé e fún adájọ́.

Adájọ́ da ẹ̀sùn eré nù. Ṣùgbọ́n ó ní Àǹtí ti fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ń gbé ẹrù tó ń kọ mànà sójú aráyé, ó sì bu owó ìtanràn fún un nítorí ìyẹn. Àǹtí bínú sí ìyẹn náà. Ó ń ráhùn jáde.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bọ̀ọ̀dá dúró níwájú ẹ̀. Ohùn ẹ̀ ò ròkè. "Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rán ìbòrí yẹn. Bọ́tìnnì méjìlélógún. O jókòó lé e."

"Ó rọ̀ ni," Àǹtí ní.

Bọ̀ọ̀dá fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Kò wọ ọkọ̀ wa.

Ọ̀gá ló kù. "Ẹ ò sáré," ó ní. "Mo tọrọ àforíjì lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n mo mọ orúkọ ọkùnrin tó forí sọ ọgbà. Mo mọ orúkọ ọmọ ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un?" Ó na ọwọ́. "Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Oṣù mẹ́ta ní ìdí tábìlì ìgégíláàsì. Bí kì í bá ṣe pé ẹnu ara yín lẹ fi sọ ọ́, ẹ ò ní padà wá rárá."

Àǹtí bọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ kúrò lára kọ́kọ́rọ́ ilé. Ó fi kọ́kọ́rọ́ náà lé e lọ́wọ́.

Láti ọ́fíìsì mi, mo ń gbọ́ ohùn ọ̀bẹ ẹ̀ lórí gíláàsì, fíín, fíín, bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa gún. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bọ̀ọ̀dá ti ń bá a sọ̀rọ̀ padà. Ó rán tìmùtìmù kan fún un, kò sì fi bọ́tìnnì kankan sí i. Bí mo bá kí Àǹtí láàárọ̀, "Ẹyẹ" ló fi ń dáhùn.

Àná ni mo gbọ́ tí onígbàjámọ̀ ń sọ fún oníbàárà tuntun pé kámẹ́rà náà ṣì wà ní ilé ìwòsàn. Mo mú ẹ̀dà ìwé kóòtù, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín dígí ẹ̀ gan-an, kí gbogbo ẹni tó bá jókòó máa kà á. Ohun tí ọlọ́pàá kọ síbẹ̀ ò pọ̀: ìlà mẹ́fà láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kìlómítà mẹ́tàlélógójì ní wákàtí kan.